Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ n'Íbàdàn tó lè ṣe kòkòrò oyin onírin tó ń ju apá? Kíákíá ni o!

Tíṣà_Akóbọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. 20 May ni Ọjọ́ Oyin Lágbàáyé. A fẹ́ gbé oyin ńlá kan sẹ́nu géètì ilé-ìwé wa, káwọn òbí lè mọ̀ pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ́ kí òdòdó so ti ń dín kù. Ó gbọ́dọ̀ máa ju apá. Ta ni kí n pè? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Ọmọ_Mápó: Báwo ló ṣe máa tóbi tó? Ẹ ò sọ. Ẹ ra mọ́tò wáípà tòkunbọ̀ ní Àgódi Géètì, bátìrì ọkọ̀ ló ń lò. Wẹ́dà á jó irin kékeré mọ́ ọn lẹ́nu, ìyẹn láá máa ti apá sókè sódò.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ má sanwó ṣáájú o! Wẹ́dà tí mo ní kó ṣe ẹyẹ okín fún ìpàtẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa gbowó tán, kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tó máa gbé e dé, ìrù ti jábọ́, etí irin ò ní dídán kankan. Ó ya ọmọ mi lọ́wọ́!

Alhaja_Bódìjà: Yéè! Ṣé ẹ gbowó yín padà?

Ìyá_Ìbejì: Kọ́bọ̀ kan ò wọlé.

Ọmọ_Mápó: Ẹ má fi ti ẹnì kan ba gbogbo wẹ́dà jẹ́. Iṣẹ́ yìí ni bàbá mi fi tọ́ wa.

Ìyá_Ìbejì: Mi ò bú bàbá yín. Owó mi ni mò ń sọ.

Àgbẹ̀_Mọ́níyà: Ẹ jẹ́ ká padà sórí oyin. Ẹ̀gúsí ní òdòdó akọ, ó ní abo. Bí oyin ò bá gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ bọ́ sára abo, òdòdó á kàn rẹ̀ dànù ni. Òwúrọ̀ ló ń là, òwúrọ̀ náà làwọn kan ń fín oògùn kòkòrò! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa fín in, tí oyin bá ti wọlé. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju kí apá máa jù lọ.

Ọmọ_Ìdí_Ayùnrẹ́: Kòkó ńkọ́? Kòkòrò bíńtín bíi kantíkantí ló ń bá a so, inú ewé jíjẹrà ló ń yé sí. Ẹni tó bá gbá abẹ́ kòkó mọ́ tónítóní ń lé e lọ ni. Ẹ ṣe ìyẹn, kó ga tó èèyàn.

Àgbẹ̀_Mọ́níyà: Ta ló máa dá a mọ̀? Oyin ni gbogbo ayé mọ̀.

Ọmọ_Ìdí_Ayùnrẹ́: Ìdí tó fi yẹ ká fi hàn wọ́n nìyẹn.

Ará_Ẹlẹ́yẹlé: Oyin kó sájà ilé wa. Ta ló lè kó wọn láìjó wọn?

Àgbẹ̀_Mọ́níyà: Ẹ má tanná sí i o. Ẹ wá ẹni tó ń sin oyin.

Tíṣà_Akóbọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀gá wa ti ní labalábá ni ká ṣe, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń bẹ̀rù oyin. Ọmọ àbúrò wọn tó ń tún fáànù ṣe ní Ṣángò ló máa ṣe é. A máa kọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí Àgbẹ̀ sọ yẹn sára apá méjèèjì. Ọ̀dà wo ni òjò ò ní ṣí?

Ọmọ_Mápó: Èyí tí wọ́n fi ń kun géètì. Ẹ fi ọ̀rá bo mọ́tò yẹn dáadáa.