Owó ìlú ni ká pè é, kì í ṣe owó ìjọba

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé nínú ìwé tí a fẹ́ fi la àwọn ará ilé lọ́yẹ̀ lórí àrùn jẹjẹrẹ, kí a pe owó tí gbogbo wa fi ń ṣe ìwádìí ní "owó ìjọba". Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, bí o bá ti ní owó ìjọba ni, owó àwọn olóṣèlú ni etí ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú bá dáwó tún ọ̀nà ṣe, kò sí ìyá arúgbó tí kì í bèèrè ibi tí wọ́n ná an sí. Owó ìlú nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe lórí paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ kan. Ní 1962, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan bó èèpo igi yew, nínú ètò tí wọ́n fi ń yẹ oríṣiríṣi ewéko wò bóyá a rí èyí tó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó di 1971 kí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Monroe Wall àti Mansukh Wani, tó gbé ohun tí wọ́n rí nínú èèpo náà jáde, ìyẹn paclitaxel. Ní 1979, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Susan Horwitz, fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn: kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè pín sí méjì. Ilé-iṣẹ́ oògùn kò gbà á títí di 1991, ọdún kejì ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Oníṣòwò wo ni yóò máa náwó sórí èèpo igi fún ọdún gbọọrọ báyẹn, tí kò tíì mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀?

Nàìjíríà náà ṣòfin ní 2017 láti dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ta ni yóò bèèrè ìṣirò owó rẹ̀ bí a bá ti sọ pé owó ìjọba ni?

"Ìdánwò lára èèyàn" tí wọ́n fẹ́ ká fi pe yíyẹ oògùn tuntun wò lára èèyàn náà kò dùn mọ́ mi nínú. Ìdánwò ni à ń pe ìpọ́njú. Aláìsàn á sá. Mo dábàá "ìgbéyẹ̀wò oògùn": ìpele kìn-ín-ní, èèyàn díẹ̀, láti mọ ìwọ̀n tí ara gbà, ìkejì, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, ìkẹta, èèyàn púpọ̀, ká fi wé ìtọ́jú tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìgbéyẹ̀wò lọ, kó mú un wá, màá gbà á. Ṣùgbọ́n owó ìlú, mi ò ní fi sílẹ̀.