Ta ló ti gba owó ìjọba ìbílẹ̀ fi ṣe ọdún àṣà rí?

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Àwa ọ̀dọ́ kan ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, fẹ́ ṣe ọdún àṣà ọlọ́jọ́ kan: ijó, ìlù, àwọn ìyá tó ṣì mọ aṣọ hun, kí àwọn ọmọdé sì gbọ́ èdè wa lẹ́nu àgbà. Ọ̀fẹ́ ni, a ò ní ta tíkẹ́ẹ̀tì. Owó àga, àtíbàbà àti epo jẹnẹrétọ̀ ló ń dẹ́rù bà wá.

Olóṣèlú kan ní òun á san gbogbo rẹ̀, àmọ́ kí àwòrán òun kún ara bánà. Ẹ gbà wá o! Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ ní July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ibẹ̀ la rò pé ó yẹ ká kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí ní Kàbà, Ìsánlú tàbí ibòmíràn: alága la ó kọ lẹ́tà sí, àbí kánsẹ́lọ̀ wa? Ṣé dandan ni kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), àbí lẹ́tà ọba ìlú ti tó? Ṣé wọ́n ń sanwó ṣáájú, àbí a ó kọ́kọ́ ná tiwa? Ẹni tó bá ní ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí i.