Speicherstadt ní Hamburg: bí ẹ ó ṣe rìn láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó wà létí omi

Bàbá Olùkọ́, láti Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Bremen, nílẹ̀ Jámánì, ti ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá rẹ̀, a sì ti gba físà. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Ó ní òun yóò mú wa lọ sí Hamburg láti wo àwọn ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ibi ìgbafẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Oko kòkó àti kọfí tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìyàmoyè ni mo ń bójú tó báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ohun tó yẹ kí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn wò níbẹ̀, àti ọ̀nà tí a ó gbà rìn ín tí kò fi ní wọ ọmọ lọ́rùn.

Ọmọ Ìsánlú, ní Hamburg

Bàbá, okun o. Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn ará wa pé kí wọ́n ṣe ní Speicherstadt ni pé kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn afárá rẹ̀, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé náà fún iṣẹ́, nítorí pé àwọn ilé gan-an ni ó yẹ kí èèyàn tìtorí wọn wá, wíwò wọn láti ìta kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ ó rí i pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì: ọ̀kan kọ sí omi, èkejì kọ sí títì. Ní àgbékà kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn ńlá kan wà tí kò ní àtẹ̀gùn níwájú, òfuurufú ló ṣí sí. Lókè téńté, lábẹ́ òrùlé, ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ẹrù sókè wà. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ á kó àpò kọfí tàbí kòkó láti ara ọkọ̀ ńlá wá sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n á fi okùn fà á wọ àgbékà tí wọ́n fẹ́ kó o sí, nígbà tí ọjọ́ títà bá sì pé, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gba ojú títì. Ògiri bíríkì pupa náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru àti òtútù inú ilé kì í fi í yí padà lójijì, ìdí nìyẹn tí kọfí, tíì, tábà àti àwọn èròjà ọbẹ̀ fi lè pẹ́ níbẹ̀ láìbàjẹ́. Orí òpó igi tí wọ́n gbá wọ inú ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ọdún 1885 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, iṣẹ́ náà kò sì parí títí di 1927. Ní 1888, nígbà tí Hamburg wọ inú ìṣọ̀kan owó ibodè ilẹ̀ Jámánì, wọ́n fún un láyè láti dá apá kan èbúté sọ́tọ̀, níbi tí oníṣòwò lè kó ẹrù sí, kí ó ṣà á, kí ó sì tún un dì, láìsan owó ibodè àfi tí ẹrù náà bá wọ ìlú. Torí ilé ìkẹ́rùsí yìí ni wọ́n ṣe wó àdúgbò tí nǹkan bí 20,000 èèyàn ń gbé. Mo máa ń sọ èyí fún àlejò mi, nítorí pé òṣìṣẹ́ èbúté àti mẹ̀kúnnù ló pọ̀ nínú wọn, kò sì yẹ kí ẹwà ilé mú wa gbàgbé wọn. Bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ba nǹkan bí ìdajì àwọn ilé náà jẹ́. Wọ́n tún púpọ̀ kọ́ láàárín 1949 sí 1967, àjọ UNESCO sì kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2015.

Ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ fiyè sí jù. Òkun ló ń mú kí odò Elbe kún kí ó sì fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò dà bí odò Ọya ní Lókójà tó jẹ́ pé àsìkò òjò ló máa ń kún. Bí omi bá fà tán, ẹrẹ̀ ló máa ń hàn ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín àwọn ilé náà, ọkọ̀ kò sì ní lè wọlé. Bí ó bá sì kún jù, ọkọ̀ kò ní lè gba abẹ́ afárá kọjá. Nítorí náà, kí ọmọ yín kọ́kọ́ wo àkókò tí omi yóò kún lọ́jọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó sanwó ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Barkasse, kí ó sì bi ọlọ́kọ̀ léèrè bóyá inú Speicherstadt ni yóò gbà tàbí èbúté ńlá nìkan.

Ní ti owó, Deutschlandticket olóṣooṣù ń gbé èèyàn láti Bremen dé Hamburg lórí ọkọ̀ ojú irin agbègbè, kò kàn máa ń ṣiṣẹ́ lórí ICE àti IC, àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára, ni. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni ẹ ó fi wọ U3, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, láti ibùdókọ̀ ńlá lọ sí Baumwall, tí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà Speicherstadt. Òun náà ni ẹ ó tún fi wọ ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba ìlú ní Landungsbrücken: nọ́ńbà 72 ń lọ sí Elbphilharmonie, ilé orin ńlá kan, nọ́ńbà 62 ń lọ sí Finkenwerder. Ẹni tó bá jókòó sínú nọ́ńbà 62 lọ àti bọ̀ ti rí èbúté dáadáa láìsan owó mìíràn.

Gbogbo èèyàn ni yóò sọ fún yín nípa Miniatur Wunderland, ibi tí ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ti ń sáré láàárín ìlú àtọwọ́dá láti ọdún 2001. Ibẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá mú ọmọ-ọmọ dání, èmi kò ní fi í ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, kí ọmọ yín ra tíkẹ́ẹ̀tì alákòókò sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dé láìra á lè dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ọmọ Ìyàmoyè, ní Lübeck

Bàbá wa, okun o. Inú mi dùn pé oko ilé wa ni ẹ ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ẹ ó wọ̀, kí ó jẹ́ Speicherstadtmuseum tó wà ní Am Sandtorkai. Kò tóbi, ṣùgbọ́n inú ilé ìkẹ́rùsí tòótọ́ ló wà, ẹ ó sì rí àpò, òṣùwọ̀n, àti irin ṣóńṣó tí wọ́n máa ń gún mọ́ àpò láti fa kọfí díẹ̀ jáde yẹ̀ wò. Ẹ kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irin yẹn fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn tó ń yẹ kòkó wò nílé. Quartiersleute ni wọ́n ń pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹrù níbẹ̀: àwọn ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n sì ń pa á mọ́ fún olówó rẹ̀. Tí ẹ bá jáde, ẹ rìn lọ sí Kehrwieder, níbi tí wọ́n ti ń yan kọfí nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, kí ẹ mu ife kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Elbphilharmonie, ilé orin ńlá onígíláàsì tí wọ́n ṣí ní 2017. Bíríkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn ni Kaispeicher A, ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kọ́ láàárín 1963 sí 1966, kòkó, tíì àti tábà ni wọ́n sì ń kó sí i. Níbi tí bíríkì ti pàdé gíláàsì, ní gíga 37 mítà, ni ibi ìrìnkiri tí wọ́n ń pè ní Plaza wà, àtẹ̀gùn tó ń dá rìn ló ń gbé èèyàn dé ibẹ̀. N kì í dúró lókè yẹn kí n má rántí àwọn òbí wa tó ń sá kòkó sójú oòrùn, nítorí pé Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń kó kòkó ránṣẹ́ sí Jámánì.

Bí agbára bá ṣì wà, Afrikahaus wà ní Große Reichenstraße, kò jìnnà. Ilé iṣẹ́ Woermann, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ná ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ló kọ́ ọ ní 1899. Ère jagunjagun aláwọ̀ dúdú wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Oníṣòwò Hamburg mìíràn, O'Swald, ti ń kó owó ẹyọ láti ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ sí Èkó ní àwọn ọdún 1850, tí ó ń gbé epo pupa padà. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ mọ èyí, nítorí pé àwọn ará Hamburg púpọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà láìmọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀, ní Kiel

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ orúnkún ni tèmi. Òkúta ni wọ́n tò sí ọ̀pọ̀ títì ibẹ̀, kò tẹ́jú, ó sì máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Kí ìyá wa wọ bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹ sì mú jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ dání, nítorí pé atẹ́gùn etí omi kì í ṣe kékeré nínú oṣù kẹsàn-án. Mùsíọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú Kaispeicher B, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1879, ní lífùtù. Ẹ gòkè dé orí rẹ̀ tán kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ kò bá kánjú padà sí Bremen, ẹ dúró lórí Poggenmühlenbrücke nígbà tí wọ́n bá tan iná ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni fọ́tò ti ń dára jù.

Bàbá Olùkọ́, láti Kàbà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnìkan ní Mọpà sọ fún mi pé omi máa ń ya wọ ibẹ̀. Ṣé ewu wà fún wa?

Ọmọ Ìsánlú, ní Hamburg

Bàbá, òótọ́ ni. Speicherstadt wà lóde ògiri tí wọ́n mọ láti dá omi dúró, nítorí náà bí ìjì bá ti omi òkun wọ inú Elbe, títì ibẹ̀ lè rì. Ìkún omi tó wáyé ní oṣù kejì 1962 pa èèyàn tó lé ní 300 ní Hamburg, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti gbé ògiri náà ga sí i. Ìgbà òtútù ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù, ìjọba sì máa ń kìlọ̀ ṣáájú. Afárá gíga kan tún wà, Kibbelsteg, tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè gba orí rẹ̀ dé àárín ìlú tí omi bá bo ilẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ó wá, ẹ kọ ọ́ síbí, èmi yóò wo àkókò omi fún ọjọ́ náà, kí a lè mọ̀ bóyá òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ ọkọ̀ tàbí ọ̀sán.