Ojú fóònù mi là, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ọwọ́ mọ́

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi kò balẹ̀ láti àná.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, òun náà ni mo sì ń tà, ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Samsung A32 ni fóònù mi, èyí tí a máa ń fi ìka ṣí lójú rẹ̀ gan-an. Àná, oníbàárà mi kan láti Àkúrẹ́ ní kí n ya aṣọ márùn-ún ránṣẹ́ kí òun tó sanwó. Mo ta aṣọ sórí okùn, mo gun àpótí kí n lè rí gbogbo ojú aṣọ yà. Mo ti ya mẹ́rin, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ ta ìkarùn-ún, ni fóònù bá yọ́ bọ́. Ọwọ́ mi ṣì tutù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aró kúrò níbẹ̀ ni. Igun ló fi gbá etí gọ́tà oníkọnkéré.

Nígbà tí mo gbé e, igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ti fọ́ wómúwómú, ìlà sì ti tibẹ̀ tàn ká dé òkè. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ alábẹ́là á mọ bí a ṣe ń rún aṣọ náà kí àbẹ́là ara rẹ̀ lè sán kí a tó rì í sínú aró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú fóònù mi rí. Àwòrán ṣì ń hàn kedere, kò sí ibi tó dúdú. Ṣùgbọ́n ibi tí lẹ́tà ti máa ń jáde tí mo bá fẹ́ kọ nǹkan, kò gbọ́ ọwọ́ mọ́. Mò ń ka ohun tí oníbàárà kọ, n kò lè dá a lóhùn.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì tó ń tún fóònù ṣe. Ti àkọ́kọ́ ní ₦95,000 ni ojúlówó, pé òun ní ayédèrú tó jẹ́ ₦38,000. Ẹnì kejì ní gíláàsì nìkan ló fọ́, òun á pààrọ̀ rẹ̀ ní ₦25,000, pé kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí n sì kọ nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí i fún òun. Ẹ̀rù bà mí. Inú fóònù yìí ni àpù báńkì mi wà. Ibẹ̀ náà ni àwòrán gbogbo bátànì ìyá mi wà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n di olóògbé, mo ya aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó pín in, n kò sì tọ́jú àwòrán náà síbòmíràn.

Aládùúgbò mi ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa á, pé ìlà náà á pòórá. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n ṣe? Kí ló sì dé tí ó fi fọ́ báyìí, nígbà tó ti já lulẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí nǹkan kan kò ṣe é?

Tíṣà Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín kàn án rárá. Mo fi pa ti èmi lọ́dún tó kọjá. Inú ìlà ló gbẹ sí, ó funfun báláú, ìlà wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó ṣàn wọ ihò tí a ń gbé sétí gbọ́ ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́, ohùn ẹni tó bá pè mí ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga.

Ohun tí ẹ lè ṣe nísinsìnyí ni kí ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ lẹ̀ ẹ́ lójú látòkè délẹ̀. Èérún gíláàsì gún ọmọ mi níka, tíńtín ni, a kò rí i yọ àfi ìgbà tí a tan iná sí i.

Ẹnjiníà Òtìgbà

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá wa sí afẹ́fẹ́ ire.

Láti ọdún 2009 ni mo ti ń tún fóònù ṣe ní Òtìgbà, ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ owó tì ná. Àwòrán ìyá yín ni ká kọ́kọ́ gbà là. Ojú fóònù tó ti là kì í dúró síbi tó wà, ó lè hàn lónìí kó dúdú mọ́jú. Tó bá dúdú, àwòrán ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ibi tí ẹ máa gbà wọlé. Mo ti rí ẹni tó sunkún níwájú ṣọ́ọ̀bù mi nítorí rẹ̀.

Ẹ ra ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní OTG. Ẹnu kan rẹ̀ á wọ ojú ṣájà, ẹ ó ki máòsì kọ̀ǹpútà bọ ẹnu kejì. Ọfà kékeré á yọ lójú fóònù, òun ni ẹ ó máa fi tẹ ibi tí ọwọ́ yín kò ràn. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀ sí ìbú. Àwọn lẹ́tà á nà gbọọrọ, ìwọ̀nba díẹ̀ lápá kan ni kò ní gbọ́ ọwọ́. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ni, ẹ yí fóònù sí òdìkejì, àwọn lẹ́tà yẹn á bọ́ sí ibi tó dára. Ẹ lè fi ìyẹn dá ará Àkúrẹ́ lóhùn lónìí.

A32 gba mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ fi kan sí i, ẹ da àwòrán sínú rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ tún gbé àwọn àwòrán náà sórí Google, kí ẹ sì jẹ́ kí WhatsApp ṣe bákọ́ọ̀pù tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jáde nínú àpù báńkì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé fóònù lọ, ẹ yọ síìmù pẹ̀lú. Nọ́ńbà ìṣí, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí i nígbà tó bá fẹ́ dán an wò. Iṣẹ́ ojú A32 kò gba kí fóònù sùn lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó ní gíláàsì nìkan ló fọ́, n kò fara mọ́ ọn. Lára irú Samsung yìí, ohun tó ń gbọ́ ọwọ́ kò sí lára gíláàsì òkè. Ara páńẹ́lì ìsàlẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde ló wà, páńẹ́lì AMOLED, irú èyí tó ń tan iná fúnra rẹ̀, tí kò nípọn rárá. Tí ojú bá là, tí àwòrán mọ́, tí gbogbo ibẹ̀ sì ń gbọ́ ọwọ́, a jẹ́ pé gíláàsì nìkan ni. Tiyín kò gbọ́ ọwọ́ nísàlẹ̀, ọgbẹ́ ti dé páńẹ́lì nìyẹn. Ẹ lè san ₦25,000 kí gíláàsì máa dán gbinrin, kí lẹ́tà má sì tẹ̀. Fún gíláàsì nìkan pàápàá, iná la fi ń rọ góòmù rẹ̀, wáyà tó tín-ín-rín bí irun la fi ń là á kúrò lára páńẹ́lì. Páńẹ́lì lè kú sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó kọ́kọ́ bi ẹnjiníà rẹ̀ pé, tó bá kú, ta ló máa san án?

Ayédèrú ₦38,000 yẹn, LCD, irú ojú tí iná ń tàn sí látẹ̀yìn, ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe AMOLED. Ẹ ò ní lè fi ìka ṣí fóònù mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé kámẹ́rà tíńtín kan wà lábẹ́ páńẹ́lì tó ń wo ìka yín láàrin àwọn ibi tí iná ti ń jáde. LCD ní iná tirẹ̀ lẹ́yìn, iná yẹn á dí i lójú pátá. Dúdú rẹ̀ kì í sì í dúdú, bí eérú ló máa ń rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ aláró, tí oníbàárà ń bi yín bóyá ó dúdú tó, ẹ máa rí ìyàtọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ojúlówó ni mo rọ̀ yín sí, kí ẹ ná an dáadáa. Kó tó fi góòmù lẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó so ó mọ́ fóònù ná. Ẹ tẹ *#0*# bí ìgbà tí ẹ fẹ́ pe èèyàn. Ojú ìdánwò á ṣí. Ẹ tẹ pupa, ewé àti búlúù, kí ẹ wò ó bóyá àbàwọ́n wà. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Touch sí, kí ẹ fi ìka fa ìlà sórí gbogbo àpótí kéékèèké tó bá yọ, títí dé igun. Tí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ dá a padà. Tí a bá ti fi góòmù lẹ̀ ẹ́, àríyànjiyàn ló kù.

Ẹ béèrè ìdí tó fi fọ́. Gíláàsì Gorilla Glass 5 ti ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ló wà lójú rẹ̀, ọdún 2016 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n máa ń rì irú gíláàsì yìí sínú iyọ̀ potassium tí iná ti yọ́ di omi. Àwọn horo sodium kéékèèké tó wà lójú gíláàsì á jáde, ti potassium tó tóbi jù wọ́n lọ á wọlé jókòó sáàyè wọn. Ẹ rò ó bí àga danfo: ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin dìde, ẹni sísanra mẹ́rin jókòó. Wọ́n á fún pinpin. Fífún yẹn ni agbára rẹ̀, ìlà kò ráyè là. Ṣùgbọ́n òkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni fífún náà mọ, yanrìn sì le ju gíláàsì lọ. Ìgbà mẹ́ta tí ẹ ní nǹkan kan kò ṣe é, ó ti ṣe é o, ó ti gba ọgbẹ́ kéékèèké tí ojú kò rí. Ìkẹrin wá fi igun balẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ́ lu ojú kan ṣoṣo.

Ohun kan kù tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí. Ẹ gbé e jìnnà sí ìkòkò aró. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́, aró ń wọ ibi tí àbẹ́là bá ti sán. Omi sóódà inú aró á gba ojú ìlà wọnnì wọlé bẹ́ẹ̀ náà, ohun tó bá bà nínú fóònù kò ní ṣeé tún ṣe.

Awakọ̀ Ìwó Road

Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi kò já rárá. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo máa ń gbé e sí, mo ń ṣájì rẹ̀ níbẹ̀. Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ojú rẹ̀ ti là láti àárín, ó sì ṣe bí ẹni pé ó yọ sókè létí kan. Ṣé screen guard tí mo fi sí i kò dára ni?

Ẹnjiníà Òtìgbà

Awakọ̀, ẹ má ṣájì fóònù yẹn mọ́, lónìí kọ́, lọ́la kọ́. Bátìrì rẹ̀ ló wú, ó ń ti ojú rẹ̀ jáde látinú. Oòrùn orí dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣájà ló fà á. Ẹ pa á, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má fi nǹkan gún un, ó lè gbiná. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ kí ẹ tó ronú ojú tuntun.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹnjiníà, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Mo rí OTG rà, mo yá máòsì lọ́wọ́ ọmọ kan tó ní káfè. Àwòrán 412 ni mo kó sórí mẹ́mọ́rì. Mo ti gbé e pa mọ́ sínú àpò ìyá mi.

Bí mo bá ti wá ṣe ojú tuntun, kí ni kí n fi bò ó? Ẹni tó ń ta screen guard ní tòun jẹ́ 9H, pé òkúta dáyámọ́ńdì nìkan ló lè ya á.

Ẹnjiníà Òtìgbà

Ẹ ṣeun Màmá, inú mi dùn gan-an sí 412 yẹn.

9H kì í ṣe ti dáyámọ́ńdì. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 9H ni pẹ́ńsù tó le jù níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé pẹ́ńsù kò lè ya á. Yanrìn á ya á dáadáa. Síbẹ̀ ẹ rà á, ohun tó wà fún ni pé kó gba ọgbẹ́ dípò gíláàsì fóònù. Kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, torí ibi tí ẹ ń fi ìka ṣí, tí ẹ bá sì lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ forúkọ ìka yín sílẹ̀ lọ́tun. Lọ́jọ́ tó bá là létí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n páùṣì ni mo fẹ́ kí ẹ náwó lé. Ẹ wá onírọ́bà tí etí rẹ̀ ga ju ojú fóònù lọ díẹ̀, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ nípọn. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé orí tábìlì, kí gíláàsì má kan tábìlì. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, igun ló fi balẹ̀ bíi tiyín, tí páùṣì rẹ̀ sì jẹ́ ike pẹlẹbẹ. Ẹ máa gbọn yanrìn kúrò nínú páùṣì náà lóṣooṣù.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Mo ti ṣe é o. Èkó ni mo lọ fún un. ₦88,000 ni wọ́n gbà lẹ́yìn tí a ná an títí. Mo ní kí wọ́n so ó mọ́ ọn ká dán an wò, ọmọkùnrin náà wò mí, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ti àkọ́kọ́ tó gbé wá, àpótí méjì kọ̀ lápá òsì, ó dá a padà fúnra rẹ̀, ó mú òmíràn. Èyí tẹ̀ dé igun. Ó fi góòmù sí i, ó fi rọ́bà dì í yíká, ó ní kí n má tú u kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń ka wákàtí.

Nígbà tí mo tú u, bátànì Ìbàdàn Dùn ìyá mi ni mo kọ́kọ́ ṣí. Àwọn òpó Mápó ló wà níbẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ tí kì í jẹ́ kí aró mú sára rẹ̀. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Lẹ́bàá òpó kẹta, ìlà kan wà tó wọ́ díẹ̀, ibi tí wọ́n ti tún ìyẹ́ kì bọ inú ẹ̀kọ kí wọ́n tó ń ya á lọ. N kò rí i rí.

Mo ti ra páùṣì onírọ́bà náà, mo sì rán àpò kan tí mo ń fi í kọ́ ọrùn tí mo bá wà nídìí aró. Ará Àkúrẹ́ ti sanwó aṣọ mẹ́ta. Ó ṣì ń retí àwòrán ìkarùn-ún, mo fẹ́ lọ yà á báyìí kí oòrùn tó wọ̀.