Ìràwọ̀ idẹ bàbá wa àgbà: èsì rèé

Mo béèrè níjọ́sí pé kí ni ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí a bá nínú àpótí bàbá bàbá mi l'Óṣogbo, àti pé ṣé ó lówó lórí. Ẹni tó ní kí n má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí n ka ohun tó wà lójú rẹ̀, ló là mí lójú: “The Burma Star”, GRI VI (àmì orúkọ Ọba George Kẹfà ti Gẹ̀ẹ́sì) láàárín, adé lórí. Àmì ẹ̀yẹ àwọn ológun tó lọ sí Ogun Bọ́mà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni! Bàbá bá wọn dé ibẹ̀ lóòótọ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà l'Ọ́jà Ọba kàn lè sọ pé idẹ ni. Owó rẹ̀ ò pọ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún, kò sì sórúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì ológun ló lè gbé iye rẹ̀ sókè. A ṣì ń wá ìwé náà láàárín ẹbí. A ò ní ta ìràwọ̀ náà. Ẹ ṣeun.