Ẹja kò bá omi wọ páìpù mọ́

Mo béèrè lọ́wọ́ yín níjọ́sí bí mo ṣe lè fa omi adágún ẹja àrọ̀ mi n'Ílé-Ifẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹja bá a wọ páìpù. Àwọ̀n tí ẹ ní kí n so mọ́ ẹnu páìpù ṣiṣẹ́ díẹ̀: ẹja kò wọlé, ṣùgbọ́n omi ń fà wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ewé sì dí i pa. Apẹ̀rẹ̀ rọ́bà ńlá ló yanjú ẹ̀. Mo fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ wé e yíká, mo bo ẹnu ẹ̀, mo ki páìpù sáàárín, mo sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù kó má fa ẹrẹ̀. Gbogbo ara apẹ̀rẹ̀ lomi ń gbà wọlé, agbára ìfà ẹ̀ ti pín. (Ìdí ẹ̀fọ́ ni mo darí omi náà sí.) Omi tó kù nísàlẹ̀ adágún, korobá la fi ń gbọ́n ọn. Ẹ ṣé gan-an.