Ta ni wọ́n ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ rí?

Ọmọ Pàkátà: Ẹ káalẹ́ o. Níbi fídáù kan lánàá, abọ́ táńganran ni wọ́n fi bu tùwó fún gbogbo wa, àfi ọmọkùnrin kan tí wọ́n bu tiẹ̀ sínú ike tí wọ́n ń jù nù. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó ń gba oògùn éèdì. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mí di ìsinsìnyí. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tàbí tó ṣojú ẹ̀, kó wá wí.

Bọ́dà Tankẹ: Ó jẹ tùwó náà ṣá?

Ọmọ Pàkátà: Ó jẹ ẹ́. Ó tún ní kí wọ́n fi gbẹ̀gìrì kún un.

Ará Ìjàgbò: Tiẹ̀ ṣì dáa, wọ́n á ju ike yẹn nù. Tèmi, abọ́ aláwọ̀ ewé kan ni ìyá ọkọ mi fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí nídìí. 2011 ni, mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní kíníìkì aláboyún. Ọkọ mi ló lọ sọ fún màmá, ẹ̀rù ló bà á. Màmá ò bú mi rí o, wọn ò sì lé mi. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ní "Ìyàwó, jẹun, ebi ń pa ọmọ inú ẹ," wọ́n á wá gbé e sílẹ̀ kí n má baà nawọ́ gbà á. Tí mo bá fọ abọ́ náà tán, wọ́n á tún fi eérú fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ wá ń pè é ní "abọ́ Mọ́mì". Ọmọ mi ọkùnrin, kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà yẹn, bu ẹ̀kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Igbe tí màmá ké, àwọn ará ilé rò pé ejò ló wọlé.
Ọdún márùn-ún ni mo fi jẹun nínú abọ́ yẹn.

Ìyá Wàrà: Ejò! Mo rẹ́rìn-ín, omi tún bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ará Ìjàgbò, ọmọ inú ńkọ́?

Ará Ìjàgbò: Kò ní in, mà. Mo lo oògùn, wọ́n sì fún òun náà ní olómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí mo bí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ti ga jù mí lọ báyìí.

Alfa Kékeré: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ni kò ní bẹ̀rù? Kògbóògùn lorúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Bọ́dà Tankẹ: Orúkọ yẹn ló ń bí mi nínú. Láti 2007 ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo oògùn ẹ̀. Ó ń gbóògùn ju ibà tèmi lọ.

Alfa Kékeré: Tó bá gbóògùn, kí ló dé tí wọn kì í dáwọ́ oògùn ọ̀hún dúró?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, Alfa? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Oògùn yìí kì í lé kòkòrò náà jáde, ṣe ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó bá a sùn. Abọ́ wo lẹ tún ń sọ? Abọ́ ò kó o ran ẹnikẹ́ni rí, kódà kí oògùn tó dé.

Alfa Kékeré: Ẹni tó bá a sùn kẹ̀? Ẹ tún un wí.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Mo ti wí i.

Olóríkunkun: Bàbá mi ò gbà rárá pé éèdì wà. Ní 1997 tí Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, dókítà tó ti ṣe mínísítà ìlera, jáde sọ pé éèdì ló pa àbúrò òun, bàbá mi ní òṣèlú ni.

Dẹ́rẹ́bà Gáréèjì Ọ̀fà: Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ìlọrin ń wọkọ̀ lọ gba oògùn l'Ọ̀fà kí ojúlùmọ̀ má baà rí wọn. Àwọn ará Ọ̀fà ń wá gbà á n'Ílọrin. Ajásẹ́ ni wọ́n ti ń kọjá ara wọn. Èmi náà ń gbà á o, Òmù-Àrán ni mo sá lọ ní tèmi. Lọ́jọ́ kan, ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Alága yúníọ̀n wa. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní "Ibà ni." Mo ní "Èmi náà, ibà ni." Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi mọ́.

Ìyá Wàrà: Owó tíkẹ́ẹ̀tì! Ẹ fẹ́ pa mí.

Bọ́dà Tankẹ: Èmi náà fẹ́ irú ibà yẹn.

Kò Kàn Yín: Ariwo ike oògùn ló ń dà mí láàmú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú báàgì. Mo ti òwú bọ inú ẹ̀.

Ìyá Wàrà: Agolo mílíìkì ni àbúrò mi ń kó tiẹ̀ sí.

Alfa Kékeré: Ní tèmi, mi ò lè so yìgì láìrí èsì àyẹ̀wò àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Kí wọ́n ṣàyẹ̀wò dáa. Àmọ́ àwọn méjèèjì ló ni èsì wọn, Alfa. Mo mọ èsì kan tí wọ́n kó fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí yìgì láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé Ọjà Ìpàtà. Yìgì ò so, ọmọbìnrin yẹn kó kúrò nílùú. Òfin sì wà láti 2014 tó ní kí wọ́n má fi àìsàn yìí yọ èèyàn sọ́tọ̀.

Kò Kàn Yín: Mo mọ òfin yẹn. Ọ̀gá mi ní òun ò lé mi o, iṣẹ́ ló tán. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga mi.

Ọmọ Pàkátà: Ará Ìjàgbò, abọ́ yẹn wá ńkọ́?

Ará Ìjàgbò: Àrùn rọpárọsẹ̀ mú màmá ní 2016. Àwọn ọmọ wọn obìnrin ò ráyè, èmi ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kan mo bu ọ̀gì fún wọn sínú ẹ̀. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí. Wọ́n la ẹnu.

Bọ́dà Tankẹ: Ẹ̀san!

Ará Ìjàgbò: Ẹ̀san kọ́. Abọ́ tó mọ́ ló tán nílé.

Alfa Kékeré: Ìhà ibo nílé ọkọ yín wà n'Íjàgbò? Ó jọ pé mo mọ màmá yẹn.

Ìyá Wàrà: Alfa, ẹ lọ sùn.